Ohun tí oríta kọ́ mi nípa ọkọ̀ rélùwéè oníbíríkì

Mo fi bíríkì ìṣeré LEGO kọ́ ọkọ̀ rélùwéè kan, mo sì fẹ́ kó máa rìn lórí irin àwọn rélùwéè àwòṣe. Ó ti ń sáré lórí irin gbọọrọ fún bíi wákàtí kan kó tó di pé mo darí rẹ̀ sí oríta, níbi tí irin ti pín sí méjì. Bó ṣe kan oríta, wíìlì iwájú fò sókè, ẹ́ńjìnnì sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Mo gbé e dìde, ibẹ̀ náà ló tún ti ṣubú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bá ojú irin jà, mo rò pé òun ló wọ́. Irin ò jẹ̀bi. Èmi ni mo wọn wíìlì lódì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò. Àlàfo àárín irin méjèèjì tí LEGO ń lò jẹ́ mìlímítà 37.5. Kò bá ìwọ̀n tí àwọn oní-rélùwéè àwòṣe ń lò mu: èyí tí wọ́n ń pè ní O jẹ́ 32, èyí tí wọ́n ń pè ní G jẹ́ 45, HO sì jẹ́ 16.5 péré. Ìwọ̀n O ni mo mú, torí pé ọkọ̀ bíríkì tó fẹ̀ tó kókó mẹ́jọ (àwọn orí róbótó tó yọ sókè lórí bíríkì) jẹ́ mìlímítà 64. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 45, bí ọkọ̀ àwòṣe O ṣe kéré sí ọkọ̀ gidi, ó di bíi mítà 2.9, èyí tó sún mọ́ fífẹ̀ ọkọ̀ gidi. Tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ àwòṣe O yòókù, bí ọmọ ìyá ló rí.

Láti 37.5 dé 32, mìlímítà 2.75 lẹ máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ti àwọn wíìlì oníke sínú títí etí wọn fi wọ àárín irin, inú mi sì dùn. Mi ò wọn ẹ̀yìn wíìlì kan sí ẹ̀yìn ìkejì. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní oríta, irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ńlá, tó ń di wíìlì mú láti ẹ̀yìn kó má baà ya ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Tí ẹ̀yìn wíìlì méjèèjì bá súnmọ́ra jù, wọ́n á gun orí irin kékeré yẹn. Fún O, bíi 29 ló yẹ. Nígbà tí mo fi kálípà wọn tèmi, 27 ni mo bá. Etí wíìlì oníke náà tún gùn débi pé ó ń gbá orí ìṣó tó di irin mú, kà-kà-kà.

Mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, mo ra wíìlì irin ti O gan-an, tó ti wà lórí ọ̀pá rẹ̀. Ihò bíríkì Technic, ẹ̀yà LEGO tó ní ihò fún ọ̀pá, fẹ̀ tó mìlímítà 4.8, ọ̀pá wíìlì náà sì tín-ín-rín jù ú lọ. Mo gé ọ̀pá idẹ oníhò kéékèèké, mo tì í bọ inú bíríkì kí ọ̀pá wíìlì lè máa yí nínú rẹ̀. Ẹ fi ìka ta wíìlì náà. Tó bá dúró lójijì, idẹ ti wọ́. Tó bá yí títí kó tó rọra dúró, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Mótò rélùwéè LEGO ti 9 fóltì, tó jáde ní 1991, ń gba iná láti ara irin, wíìlì rẹ̀ kò sì ṣeé sún. Ẹ fi í sílẹ̀. Mótò Technic lásán, jíà tó so ó mọ́ ọ̀pá wíìlì, àti bátìrì nínú ọkọ̀ tó. Àmọ́ mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí bátìrì ti wà nínú ọkọ̀, iná inú irin ò kàn mí mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí irin tí iná ń gba ọ̀tún àti òsì, wíìlì irin lórí ọ̀pá irin á so méjèèjì pọ̀, gbogbo ọkọ̀ tó wà lórí tábìlì á sì dúró. Kí ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá ike wà láàárín ọ̀pá àti wíìlì kan, ó kéré tán, tó ń dá iná dúró.

Bíríkì fúyẹ́, torí náà mo kó nọ́ọ̀tì irin sí ìsàlẹ̀ kóòṣì kọ̀ọ̀kan, nítòsí wíìlì.

Ohun tó so kóòṣì pọ̀ náà kò bára mu: mágínẹ́ẹ̀tì ni ti bíríkì, ìkọ́ ni ti àwọn yòókù. Kóòṣì kan ṣoṣo ni mo tún kọ́, mágínẹ́ẹ̀tì níwájú, ìkọ́ lẹ́yìn, òun ni mo fi sáàárín. Lánàá, ó kọjá oríta yẹn nígbà ogún, ó fa kóòṣì mẹ́rin lẹ́yìn, mi ò sì fọwọ́ kàn án.