Wọn ò ṣáà nà án

"Wọn ò ṣáà nà án." Gbólóhùn tí mo gbọ́ lánàá nìyẹn, nígbà tí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe há Ulrike Meinhof mọ́ ẹ̀wọ̀n tún délẹ̀, akọ̀ròyìn ará Jámánì tó wọ ẹgbẹ́ RAF (Red Army Faction), àwọn tó ń fi ìbọn àti bọ́ǹbù bá ìjọba jà. Òjò rọ̀ lónìí, iṣẹ́ pọ̀, ilẹ̀ ti ṣú báyìí, gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Òótọ́ ni, wọn ò nà án. Wọ́n mú un ní Langenhagen lẹ́bàá Hannover ní 15 oṣù kẹfà 1972. Ó ti rù débi pé àwòrán agbárí rẹ̀ ni wọ́n fi rí i dájú pé òun ni, nítorí irin kékeré tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1962. Wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Köln-Ossendorf, ó sì wà ní apá kan tó dá dúró títí di 9 oṣù kejì 1973. Àwọn yàrá tó yí tirẹ̀ ká ṣófo. Ògiri funfun. Iná nẹ́ọ̀n tí wọn kì í pa lóru. Agbẹjọ́rò ń wá, ẹbí ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ohùn ẹlẹ́wọ̀n kankan ò sì ní dé etí rẹ̀ mọ́. Wọn ò tíì dá a lẹ́jọ́ nígbà yẹn o. Ó ṣì ń retí ìgbẹ́jọ́ ni.

Ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i níbẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé orí òun fẹ́ fọ́. Ó ní yàrá náà ń rìn. Ó ń gbọ̀n, kò sì mọ̀ bóyá ibà ni tàbí òtútù. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lásán, àfi kó lo agbára ẹni tó ń pariwo. Kò lè fara da ìró "s" lẹ́nu èèyàn. Tó bá kọ ìlà méjì, tó bá fi máa dé òpin ìkejì, ìbẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ti sọnù. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Akọ̀ròyìn ni obìnrin yìí, ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn konkret. Gbólóhùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n mú ìlà méjì kúrò lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ẹnìkan wá ní wọn ò ṣáà nà án…

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ní 14 oṣù karùn-ún 1970, nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gba Andreas Baader, ẹlẹgbẹ́ wọn tó wà lẹ́wọ̀n, sílẹ̀ ní Berlin, wọ́n yìnbọn lu òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kú. Oṣù karùn-ún 1972 ńkọ́? Bọ́ǹbù ẹgbẹ́ wọn pa ọmọ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin ní Frankfurt àti Heidelberg, ó sì ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìròyìn Springer léṣe ní Hamburg. Òṣìṣẹ́! Àwọn tí wọ́n láwọn ń jà fún! Inú ń bí mi tí mo bá rántí ìyẹn, àánú rẹ̀ á sì dín kù. Lẹ́yìn náà ni mo máa tún rántí iná tí wọn kì í pa.

Ohun tó gbé e kúrò níbẹ̀ náà yẹ kéèyàn mọ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n bí ogójì kọ oúnjẹ láti 17 oṣù kìíní 1973, àwọn agbẹjọ́rò sì ń pariwo. Nígbà tó yá, ní oṣù kẹrin 1974, wọ́n gbé òun àti Gudrun Ensslin, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú RAF, lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Stammheim ní Stuttgart, àjà keje. Ó ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ kíkorò lórí ìwé. Bóyá ẹni tí wọ́n ti há mọ́ bẹ́ẹ̀ rí kì í… n kò mọ bí mo ṣe máa parí ìyẹn.

Oṣù kẹsàn-án 1975, àwọn dókítà tí ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ yàn sọ pé ara àwọn olùjẹ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ẹjọ́ bọ́ǹbù náà, tí òun, Baader àti Ensslin wà lára wọn, ò lè gba ìgbẹ́jọ́ ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́, àhámọ́ náà sì wà lára ohun tó fà á. Ilé ẹjọ́ ní ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é, pé kí ẹjọ́ máa lọ láìsí wọn. Ní 9 oṣù karùn-ún 1976 wọ́n bá a ní òkú nínú yàrá rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Ẹjọ́ bọ́ǹbù náà ò tíì parí. Àwọn tó fara pa ní Hamburg ò rí ìdájọ́ kankan gbà lórí rẹ̀.