Òkun lọ́wọ́ òsì: bí mo ṣe gun kẹ̀kẹ́ yí gúúsù Achill ká

Achill ni erékùṣù tí ó tóbi jù lọ ní etíkun Írẹ́lándì. Ó wà ní àgbègbè Mayo, ní ìwọ̀-oòrùn pátápátá, níbi tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá kọjá rẹ̀, òkun Àtìláńtíìkì ni ó kù tí yóò rí títí dé Kánádà. Kò sí pé à ń dúró de ọkọ̀ ojú omi kí a tó dé ibẹ̀, nítorí láti ọdún 1887 ni afárá ti so ó mọ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ Michael Davitt, ẹni tí ó jà fún àwọn àgbẹ̀ tí ń yá ilẹ̀ dá oko, pe afárá náà.

Ìlú Westport ni mo ti háyà kẹ̀kẹ́, mo sì gba Great Western Greenway, ọ̀nà kìlómítà 42 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, títí mo fi dé Achill Sound, abúlé tí ó wà lẹ́nu afárá náà. Ojú irin rélùwéè ni ọ̀nà yìí tẹ́lẹ̀, kí ọkọ̀ tó dẹ́kun rírìn lórí rẹ̀ ní ọdún 1937. Ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun òkè tí ó dúró ṣánṣán, nítorí náà ni àwọn tí ó la ọ̀nà náà ṣe wá ibi tí ilẹ̀ ti rọra ń dìde; àǹfààní iṣẹ́ wọn ni orúnkún mi jẹ.

Achill Sound ni ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Atlantic Drive ti bẹ̀rẹ̀. Apá gúúsù erékùṣù náà ni ó yí ká. Ìmọ̀ràn mi ni pé gúúsù ni kí ẹ kọ́kọ́ dorí kọ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń rìn sí ní Írẹ́lándì. Bí ẹ bá gba gúúsù lọ, omi yóò wà lọ́wọ́ òsì yín, kò sì ní sí ọkọ̀ kankan tí yóò máa kọjá láàárín yín àti etíkun. Èkejì ni pé láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń fẹ́ wá. Ní ẹ̀bá omi tóóró tí ó ya erékùṣù náà kúrò lára ilẹ̀, àwọn òkè máa ń bá yín dí afẹ́fẹ́ náà díẹ̀. Bí ẹ bá sì wá kọjú sí àríwá ní etí òkun gbangba, ẹ̀yìn ni yóò ti máa tì yín.

Kò pẹ́ tí mo fi dé Kildavnet. Ilé ìṣọ́ olókùúta kan dúró sí bèbè omi níbẹ̀, tí wọ́n ń pè mọ́ orúkọ Gráinne Ní Mháille, obìnrin tí ó ń darí ọkọ̀ àti ọmọ ogun ní etíkun yìí, tí ó sì lọ rí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní lójúkojú ní ọdún 1593. Gbogbo àlejò ni ó ń ya fọ́tò ilé ìṣọ́ náà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo rí tí ó wọ itẹ́ òkú tí ó wà nítòsí, bẹ́ẹ̀ sì ni, lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ènìyàn ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, nítorí àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1894, àwọn ọ̀dọ́ Achill wọ ọkọ̀ onígbòókùn lọ sí Westport, níbi tí ọkọ̀ ńlá kan ti ń dúró láti gbé wọn lọ ṣe iṣẹ́ ìkórè ní Scotland. Bí wọ́n ṣe rí ọkọ̀ ńlá náà, wọ́n rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wò ó, ọkọ̀ tiwọn dojú dé, ènìyàn 32 sì bá omi lọ. Wọn kò tí ì ṣí ojú irin Achill nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kan gbé òkú wọn wálé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1937, iná pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́wàá ará Achill ní Kirkintilloch, ní Scotland, nínú ilé tí wọ́n sùn sí nígbà tí wọ́n lọ wa ọ̀dùnkún. Ojú irin kan náà ni ó gbé àwọn náà dé, kí wọ́n tó tì í pa láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé aríran kan tí ń jẹ́ Brian Rua ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọkọ̀ oníná tí ń rú èéfín yóò wá, òkú ni yóò sì gbé nígbà àkọ́kọ́ àti nígbà ìkẹyìn. Èmi kò mọ àsọtẹ́lẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gùn láti Westport ni ọkọ̀ méjèèjì gbà. Àwa tí a máa ń dáwó jọ ní ìdálẹ̀ kí òkú ẹni wa lè délé kò nílò àlàyé púpọ̀ níwájú àwọn sàréè yẹn.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti tẹ̀ dé Cloughmore, ní ìkángun gúúsù. Erékùṣù kékeré Achillbeg wà ní ọ̀ọ́kán, tí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ti kó kúrò láti ọdún 1965. Nígbà tí mo yí kọ́nà náà tán ni òkun ṣí sílẹ̀ gbalaja, tí ìgbì ń fọ́ yángá sára àpáta dúdú nísàlẹ̀. Ọgbà kò sí létí ọ̀nà. Àwọn àgùntàn tí wọ́n fi ọ̀dà pupa àti búlúù sàmì sí lára dùbúlẹ̀ sójú títì, wọn kò sì dìde fún mi. Èmi ni mo yà fún wọn. Ọ̀nà náà ń ga sí i títí ó fi dé orí òkè tí ó wo Ashleam, níbi tí ó ti já wálẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ dé etí omi. Ẹ yẹ bíréèkì wò kí ẹ tó kúrò lókè yẹn. Lẹ́yìn Dooega, ilẹ̀ àbàtà ni mo là kọjá padà sí Achill Sound, ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń gé ní ìṣù-ìṣù, tí wọ́n ń sá gbẹ láti fi dáná.

Ní ọjọ́ kejì ni mo gba ìwọ̀-oòrùn lọ sí Keem. Mo kọjá Dooagh, abúlé tí ìjì gbé gbogbo iyanrìn etíkun rẹ̀ lọ ní ọdún 1984, tí òkun sì dá a padà ní ọdún 2017, kí ó tó tún kó o lọ. Ní Keem, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọ̀n dẹ ẹja ṣáàkì ńlá tí kì í jẹ ènìyàn nítorí òróró ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ọ̀nà náà rọ́ wálẹ̀ láti orí bèbè gíga sí iyanrìn funfun, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà jáde ju òkè kan náà lọ. Mo gùn ún dé ìdajì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ, àwọn ọmọdé kan sì yọrí láti inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bàbá wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi.