Erè Inú Ilé àti Ooru Badagry

Ẹni tó bá wá ìmọ̀ràn nípa títọ́ òjòlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iná tí wọ́n fi ń mú àpótí gbóná ni yóò kọ́kọ́ rí. Ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti kọ ọ́. Ní Badagry, òrùlé páànù ti ṣe iṣẹ́ iná yẹn tán. Ooru àpọ̀jù ló ń pa ejò lọ́dọ̀ wa, òun àti ọyẹ́.

Òjòlá tí òyìnbó ń pè ní boa gan-an, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ọmọ ló sì ń bí, kì í yé ẹyin. Tiwa ni erè kékeré tó máa ń ká bí bọ́ọ̀lù tẹ́rù bá bà á. Kì í sábà gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Ní Ouidah, lẹ́yìn Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, ó ní ilé òrìṣà tirẹ̀, nítorí náà tí àwọn Ògù (Ẹ̀gùn) bá wà ládùúgbò, ẹ kọ́kọ́ fi tó wọn létí.

Àpótí pákó tó gùn ní 120 cm, tó fẹ̀ ní 60 cm, tó ní gíláàsì níwájú, nẹ́ẹ̀tì lókè àti kọ́kọ́rọ́, ti tó. Ihò tí orí ejò bá ti gbà, gbogbo ara ló máa gbà á. Táámómítà méjì ni kẹ́ ẹ fi sí i: 31 sí 33°C lápá kan, 25 sí 27°C lápá kejì, kí ibi ìsápamọ́ sì wà lápá méjèèjì. Tí apá tútù bá ń lọ sí 33°C lọ́sàn-án oṣù kẹta, ẹ gbé àpótí kúrò lára ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bà, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ wé ìgò omi dídì lé orí nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìgbà òjò tàbí òru ọyẹ́ nìkan la nílò ẹní iná, tó gba ìdámẹ́ta àpótí, pẹ̀lú thermostat, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pa iná náà tó bá ti gbóná tó. Láìsí ìyẹn, ikùn ejò á jó kó tó mọ̀ pé ó gbóná.

Ohun tí a ó tẹ́ sílẹ̀ kò wọ́n wa rárá: èèpo àgbọn. Ẹ lù ú títí yóò fi di fọ́nrán, ẹ fi omi kànga fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́, ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ nípọn tó 5 cm. Ẹ má fi èérún pákó sọ́míìlì rọ́pò rẹ̀. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Tí ohun tí a tẹ́ bá sì ń tutù rin ṣáá, ìpẹ́ ikùn yóò pọ́n, yóò sì máa jẹrà. Nígbà ọyẹ́, ẹ gé ihò sára abọ́ rọ́bà olómorí, kẹ́ ẹ kó fọ́nrán tútù sínú rẹ̀: ibẹ̀ ni yóò wọ̀ láti pa awọ dà. Ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dà bíi pé kùrukùru bò ó. Ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà náà. Tí awọ bá bọ́ ní wẹ́wẹ́, ẹ fi ejò sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi èékánná ṣí ti ojú láé.

Eku tó nípọn tó ibi tó nípọn jù lára ejò ni oúnjẹ rẹ̀: ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọmọ, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta fún àgbà. Kó ti kú, torí eku ààyè máa ń gé ejò jẹ. Eku òpópó kò ṣeé fún un. Ó lè ti jẹ májèlé. Ẹ má fọwọ́ kan ejò fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn oúnjẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á pọ̀ ọ́. Àgbà lè gbààwẹ̀ oṣù méjì. Òṣùwọ̀n ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe àwo oúnjẹ.

Ẹ ti ẹsẹ̀ tábìlì tí àpótí wà lórí rẹ̀ bọ agolo omi nítorí ìjàlọ, ẹ má sì fọ́n òtapiápíá sí yàrá náà. Tí ejò bá ń la ẹnu mí, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.