Perlman, ọjọ́ kẹta: resh ló dá mi dúró

Orúkọ ìdílé àwọn Júù ni mò ń fín ní lẹ́tà Hébérù sára lino, pẹlẹbẹ rírọ̀ tí mo ń kun ní yíǹkì kí n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti orí orúkọ Katz mọ̀ pé mi ò retí kí orúkọ yìí pẹ́ lọ́wọ́ mi. Pe, ayin, lamed, mem, alef: mo ti parí wọn láti àná. Nun ìgbẹ̀yìn, òpó kan lásán tó gùn kọjá ìlà, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Resh, r tiwọn, wá rèé o. Òun àti dalet, d tiwọn, jọra bí ìbejì. Igun apá ọ̀tún lókè ló yà wọ́n: ti dalet mú, ti resh tẹ̀ bí èjìká. Lórí lino, apá òsì ni igun yẹn bọ́ sí, torí òdì ni mo fín gbogbo ẹ̀ kó lè tọ́ lórí bébà. (Ó pa mí lẹ́rìn-ín: àwọn tó ni lẹ́tà ń kọ ọ́ láti ọ̀tún lọ sí òsì, èmi tí mo yí i dà ń bẹ̀rẹ̀ láti òsì bí ẹni ń kọ Yorùbá.) Mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, igun mú jù, ó di Pedlman. Mo ní kí n bu igun yẹn díẹ̀, lino bá fọ́, òrùlé lẹ́tà lọ ní ìdajì, resh di vav, u tiwọn. Peulman! Lino ọ̀hún ti gbó, ó ń rún bíi búrẹ́dì ìjẹta, bẹ́ẹ̀ ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀ búra pé tuntun ni. Mo sá a sóòrùn. Ó rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó já ti já.

Mi ò sì lè gbójú fò ó, torí inú Perl ni gbogbo orúkọ náà wà. Perli inú Bíbélì wa ni, ó sì jẹ́ orúkọ obìnrin láàárín àwọn Júù tó ń sọ Yiddish, èdè àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù. "Man" yẹn, ọkọ ni. Ọkọ Perl, bí àdúgbò ṣe ń pe èèyàn ní ọkọ Ìyábọ̀. Nígbà tí òfin Rọ́ṣíà ti 1804 ní kí gbogbo Júù ní orúkọ ìdílé, ọ̀pọ̀ ló mú ti obìnrin ilé wọn. Tí resh bá bàjẹ́, obìnrin yẹn ló sọnù.

Mo ti fẹ́ fi orúkọ mẹ́ta sí ìsàlẹ̀: Itzhak Perlman tó ń ta fayolíìnì, Radia Perlman, tó ṣe spanning tree ní 1985, tí ìsọfúnni kì í fi í pòòyì láàárín kọ̀ǹpútà, àti Grigori Perelman, onímọ̀ ìṣirò tó ní òun ò gba ẹ̀bùn mílíọ̀nù dọ́là kan ní 2010. Mo ti yí i padà. Eliezer Ben-Yehuda, ẹni tó ṣaájú mímú Hébérù padà di èdè tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́, nìkan ni. Wọ́n bí i ní 1858 sí Luzhki, Perlman ni orúkọ bàbá ẹ̀, kí Eliezer tó jù ú sílẹ̀ fún orúkọ Hébérù. Ẹni tó bọ́ orúkọ sílẹ̀ ló wù mí láti kọ sábẹ́ ẹ̀.

Lino mìíràn ni mo mú lálẹ́ yìí. Mi ò gé ìta lẹ́tà mọ́, lẹ́tà gan-an ni mò ń fín wọlé bíi ti àwọn onígbá fínfín Ọ̀yọ́, kó yọ funfun nínú dúdú. Ọ̀bẹ olójú ṣíbí kì í gé igun tó mú, tí mo bá ti ń yí lino dípò ọwọ́. Resh ni mo fi ṣáájú. Ó tẹ̀. Ó di lamed lọ́la.