Ìtàkùn aláró lẹ́yìnkùlé wa ní Ìperu: láti orí kóró méjìlá

Ògiri búlọ́ọ̀kù kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí a kò rẹ́ láti ìgbà tí mo wà ní pámárì. Ibẹ̀ gan-an ni Màmá máa ń kọjú sí tí wọ́n bá gbé àga jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì ń rí àwọ̀ tó bá dúdú dáadáa lára nǹkan tó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé òdòdó ni màá fi bo ògiri náà, kì í ṣe ọ̀dà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkòròdú bù mí ní kóró 12, ti butterfly pea. Ìtàkùn aláró la ń pè é nílé wa, nítorí àwọ̀ òdòdó rẹ̀.

6 Oṣù Kẹrin
Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ilẹ̀ ti dẹ̀. Kóró yìí kò tóbi ju ẹ̀wà olóyin lọ, ó sì le bí òkúta. Èèpo rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi wọlé bọ̀rọ̀. Mo pín wọn sí méjì. Mo fi sáńpépà ha mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tó jìnnà sí ojú tí yóò ti hù, títí funfun inú rẹ̀ fi yọ bíńtín. Mẹ́fà yòókù, n kò fọwọ́ kàn wọ́n. Mo rẹ gbogbo wọn sómi di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tí mo ha ti wú, àwọn yòókù sì wà bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Mo lu ọ̀rá píọ́ wọ́tà nídìí, mo bu ilẹ̀dú abẹ́ igi obì bàbá mi sí i, mo sì gbìn wọ́n. Wọn kò wọlẹ̀ ju ìdajì ìka lọ.

27 Oṣù Kẹrin
Ọjọ́ karùn-ún ni àkọ́kọ́ yọrí. Nínú mẹ́fà tí mo ha, márùn-ún ló hù. Ìkẹfà jẹrà, mo ti ha á jù, sáńpépà ti wọ ara ọmọ inú rẹ̀. Nínú àwọn tí n kò ha, méjì péré ló yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Méje lápapọ̀. N kò tún ní gbin kóró rẹ̀ láìha á mọ́ láé.

4 Oṣù Karùn-ún
Mo kó wọn kúrò nínú ọ̀rá lọ sí ìdí ògiri, mo fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìgbẹ́ adìyẹ ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni mo fi sí ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹbí ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni ìtàkùn yìí. Kókó wẹ́wẹ́ máa ń yọ lára gbòǹgbò rẹ̀, àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú kókó náà, àwọn ló ń bá a sọ afẹ́fẹ́ di oúnjẹ. Téèyàn bá wá kó ìgbẹ́ jọ sí i nídìí, ewé ni yóò máa ya, kò ní rántí òdòdó. Mo ri ọparun mẹ́rin mọ́lẹ̀ fún un láti gùn.

18 Oṣù Karùn-ún
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò gùn ún. Orí ìtàkùn á fara kan ọparun, á nà lọ díẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ, á tún padà sórí ilẹ̀. Mo fi òwú so wọ́n, wọ́n ṣì ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Màmá fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá síbẹ̀, wọ́n fọwọ́ yí ọparun ká.

“Kí lo fi ń tì í yìí?”

“Ọparun ni, Màmá.”

“Ṣé ọmọ ọwọ́ lè gbá òpó ilé mọ́ra? Fún un ní nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ ká.”

Wọ́n ti gbin ewùrà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹsẹ̀ tó máa dùn wọ́n. Wọ́n ní tí ewùrà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn máa ń kọ́kọ́ fún un, òun ni yóò mú un dé orí igi ńlá. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, torí mo ti ń dá irúgbìn lẹ́bi láti ọjọ́ yìí. Ìtàkùn aláró kò ní ọwọ́ wẹ́wẹ́ tí ẹ̀gúsí àti elégédé fi ń di nǹkan mú. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń lọ́ mọ́ ohun tó bá bá pàdé, ara ọ̀hún kò sì nípọn ju ẹyọ ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan lọ.

Mo kan ìṣó sókè ògiri, mo kan sísàlẹ̀, mo ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méje sáàárín. Lọ́jọ́ kejì mo jókòó tì í. Ní aago méje àárọ̀, imú ọ̀kan tẹ̀ bí ìkọ́, ó dojú kọ ojú ọ̀nà. Ìgbà tí mo fi jẹun ọ̀sán tán, ó ti gba ẹ̀yìn okùn yọ sí òdìkejì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mú un dan-in.

26 Oṣù Karùn-ún
Wọ́n gbàgbé géètì sílẹ̀, ewúrẹ́ wọlé. Ó jẹ mẹ́ta kan ìdí. Ó dùn mí dé ọkàn. Ewé rẹ̀ máa ń dùn mọ́ ẹran lẹ́nu. Ní Ọsirélíà, wọ́n ń gbìn ín fún màlúù láti jẹ. Mo ti fi wáyà yí ìdí wọn ká báyìí.

8 Oṣù Kẹfà
Méjì nínú mẹ́ta tí ewúrẹ́ jẹ ti rú láti ojú ewé ìsàlẹ̀. Ìkẹta kú. Àmọ́ ewé ti ń pọ́n lára èyí tó wà ní ìkángun, nítorí orí rẹ̀ ni omi páànù ń dà sí. Mo gbẹ́ kòtò tóóró kan kí omi lè rí ọ̀nà lọ.

15 Oṣù Kẹfà
Ó tanná! Ọ̀kan ṣoṣo, lára okùn kẹta. Ó dúdú bí aṣọ aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò, àárín rẹ̀ funfun, ìyeyè díẹ̀ wà nínú funfun náà. Òdòdó ẹ̀wà máa ń gbé ewé òdòdó rẹ̀ tó tóbi jù sókè bí àsíá; ti ìtàkùn aláró dorí kodò, ńlá yẹn ló tẹ́ sísàlẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, oyin sì ń bà lé e. Mo mú Màmá lọ́wọ́ débẹ̀. Wọ́n súnmọ́ ọn títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. “Aró rèé,” ni wọ́n wí. Nígbà tó máa fi di àṣálẹ́, ó ti ká jọ.

29 Oṣù Kẹfà
Mo ń ká tó ogún lójúmọ́ báyìí. Màmá ní kí n dán an wò bóyá yóò rẹ aṣọ. Mo da omi gbígbóná lé òdòdó mẹ́wàá, omi náà di aró. Mo pín in sí ife mẹ́ta. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ó di àwọ̀ àlùkò lójú wa. Mo bu omi eérú sí èkejì, ó di àwọ̀ ewé. Ẹ̀kẹta ni mo rẹ aṣọ funfun sí. Ó mú un, àmọ́ ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò nígbà kejì.

“Ẹ̀lú kì í ṣe bẹ́ẹ̀,” ni Màmá wí. Wọ́n wá sọ bí ìyá wọn ṣe ń gún ewé ẹ̀lú, tí wọ́n ń ṣù ú, tí wọ́n ń sá a gbẹ, kí wọ́n tó rì í sínú omi eérú fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìtàkùn ni ẹ̀lú náà. N kò gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu wọn rí, bí mo ṣe dàgbà tó.

27 Oṣù Keje
Ògiri ti bò dé ìdajì. Àwọn èèpo tí kóró wà nínú wọn ti ń gbẹ, wọ́n pẹlẹbẹ, wọ́n gùn tó ìka àárín. Tí oòrùn bá pa wọ́n, wọ́n máa ń là pààkì, kóró á fò lọ. Aṣọ tín-ín-rín ni mo fi ń so wọ́n báyìí. N kò jẹ́ kí àwọn ọmọ fi kóró náà sẹ́nu, gbòǹgbò rẹ̀ náà kì í ṣe ohun jíjẹ. Mo ti kó 31 sínú ìgò. Màmá ní kí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná náà má ṣẹ́ kù. Mo ti kan ìṣó ibẹ̀, ó ku okùn.