Sípánà 13

Inú ṣì ń bí mi, ẹ̀rín ni ò jẹ́ kí n bínú ọ̀hún dọ́ba.

Ẹ ṣáà mọ bọ́ọ̀sì tí mo fi ń pín búrẹ́dì láti Sábó dé Èbúté. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jẹ tán. Tí mo bá tẹná, ẹ́ńjìnnì á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, bọ́ọ̀sì ò sì ní kúrò lójú kan. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi ní Ìta-Ẹlẹ́wà. Wọ́n sọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n ní fíláíwíìlì, irin róbótó eléyín tí kílọ́ọ̀ṣì ń lẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, náà ti họ, kí n ra òun náà. Mo rà á.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n tò ó padà. "Bàbá Búrẹ́dì, ẹ tàn án." Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kó! Gbogbo iná iwájú mi ṣú. Wọ́n gbé bátìrì mìíràn wá. Kó! Ọ̀gá ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ bóòtù púlì, ó fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, ẹ́ńjìnnì ò mira. Ó nu ọwọ́. "Ẹ́ńjìnnì yín ti nọ́ọ̀kì."

Ẹ́ńjìnnì tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá láàárọ̀! Ọ́ìlì pé, omi pé, kò gbóná rárá. Ibi tó dúró jẹ́ẹ́ sí ló kú sí? Ọlọ́gbọ́n á béèrè. Èmi jókòó sórí táyà, mo ń pe ẹbí. Mo fi ohùn ọ̀fọ̀ pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ṣẹlẹ̀ o." Wọ́n rò pé bàbá wọn ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì lásán ni, inú wọn dùn débi pé 20,000 náírà wọlé sí àkáǹtì mi lójú ẹsẹ̀. Mo tún pe Owódé Onírin, mo ti ń ná tòkunbọ̀.

Gbogbo àsìkò yìí o, sípánà 13 rẹ̀ ni ọ̀gá ń wá. Sípánà yìí! Ó fi téèpù pupa wé e lọ́rùn, ó ní òun ti ní in kóun tó ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ó gbá ọmọ iṣẹ́ létí. Ó yẹ abọ́ ìyá alágbo wò. Ó wá yíjú sí mi: "Bàbá Búrẹ́dì, ẹ má bínú o, ẹ bá mi yẹ àpò yín wò." Èmi tí mò ń ṣọ̀fọ̀! Mo sì tú àpò o, tòótọ́ tòótọ́. Bisikíìtì ọmọ mi jábọ́ sínú ọ́ìlì.

Bàbá riwáyà tó ń jẹ ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló ní, "Ẹ yí i sẹ́yìn wò ná." Wọ́n yí i. Ó lọ! "Èyí tó bá nọ́ọ̀kì, kò níwájú, kò lẹ́yìn. Ẹ tú kíìkì."

Wọ́n tú kíìkì, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń fi eyín fíláíwíìlì yí ẹ́ńjìnnì kó lè tàn. Baba tan iná fóònù sínú ihò, wọ́n wò ó, wọ́n sì mú síbí ẹ̀wà wọn padà. "Ọ̀gá, àwọ̀ wo lẹ pe téèpù ọ̀hún?"

Ọmọ iṣẹ́ ló fi sípánà há eyín fíláíwíìlì, kó má baà yí nígbà tí wọ́n ń di bóòtù. Wọ́n wá gbé gíàbọ́ọ̀sì lé gbogbo ẹ̀ lórí. Wáyà àti mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà ni wọ́n fi fà á jáde. Wọ́n dá kíìkì padà, mo tàn án, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo rò pé wọ́n á bẹ̀ mí. Ọ̀gá fẹnu ko sípánà lẹ́nu tán, ó ní kí n san 15,000, owó yíyẹ̀ wò. Mo ní, "Sípánà yín ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá Búrẹ́dì, èló lẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀?" Mo ṣírò ẹ̀. Mo san án. Mo tún ní ẹ ṣeun!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń já búrẹ́dì ní Èbúté, ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi bá pè.

"Àna, ẹ ti rí ẹ́ńjìnnì rà?"

"A ṣì ń wá a o, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló wá ń dún lẹ́yìn yín yẹn?"

"Jẹnẹrétọ̀ ni, sà."