Kí Ẹ Tó Yan Láísẹ́ǹsì, Ẹ Mọ Ohun Tí Ẹ Fẹ́ Tà

Ní 2017, mo kọ sọ́fítíwià kan fún àwọn oníkẹ́mísìtì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka oògùn tó kù, kó sì máa pariwo bí ọjọ́ èyíkéyìí bá fẹ́ kọjá. Mo gbé kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tí mo kọ tó ń mú un ṣiṣẹ́, sórí GitHub, ìkànnì tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i. Láísẹ́ǹsì ni ìwé tó ń sọ ohun tí ẹlòmíì lè fi kóòdù náà ṣe. Èyí tí wọ́n ń pè ní MIT ni mo mú, torí òun ló kúrú jù nínú gbogbo èyí tí mo rí. Bó ti kúrú tó, mi ò kà á tán.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, oníbàárà mi kan pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́: "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti ń lo orúkọ míì ni?" Ilé iṣẹ́ kan ló wá fi sọ́fítíwià lọ̀ ọ́. Orúkọ wọn ló wà lókè, àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo ń kọ tèmi, mo fẹ́ fi "Ajé á wọgbá o" kí àwọn tó bá ṣí i, mo ṣi àmì fi, ó di "wọgbà". "Ajé á wọgbà o" náà ṣì wà níbẹ̀ gbagidi.

Mo fi ìbínú gba ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà lọ. Ó ka láísẹ́ǹsì náà, ó ní kí n wo inú fódà wọn. Orúkọ mi wà nínú fáìlì LICENSE, bí MIT ṣe ní kó wà. Ó ní, "Wọn ò jalè. Ìwọ lo ní kí wọ́n mú un, kí wọ́n sì tà á."

Mi ò ní kẹ́ ẹ sá fún open source, ìyẹn sọ́fítíwià tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, o. Bó bá jẹ́ pé ìtọ́jú lẹ fẹ́ tà, ìyẹn kẹ́ ẹ bá àwọn oníbàárà tò ó, kẹ́ ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ wọn, kẹ́ ẹ gbé fóònù nígbà tó bá kọṣẹ́, MIT ò pa yín lára. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ sọ́fítíwià Red Hat fi lówó, tí IBM fi ra wọ́n ní bílíọ̀nù dọ́là 34 ní 2019. (Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn pa yín bí ọtí. Owó ìtọ́jú tí kẹ́mísìtì kan ń san fún mi lóṣù kò ra epo jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ mẹ́ta.)

Àmọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ ta sọ́fítíwià náà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Láísẹ́ǹsì míì tó ń jẹ́ GPL ní kí ẹni tó bá tún kóòdù yín ṣe, tó sì fún ẹlòmíì, fún onítọ̀hún ní kóòdù náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e sórí sáfà tirẹ̀, tí àwọn èèyàn ń lò ó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ihò yẹn ni AGPL, láísẹ́ǹsì tó jẹ́ ẹ̀yà GPL, dí. Mo gbé ẹ̀dà tuntun sábẹ́ AGPL. Ti àtijọ́ ti lọ, ẹ̀bùn ò ṣeé gbà padà.

Ọgbọ́n àwọn tó ni MySQL, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń tọ́jú dátà, ni mo wá fẹ́ dá: AGPL fún gbogbo ayé, láísẹ́ǹsì olówó fún ẹni tí kò bá fẹ́ ṣí kóòdù tirẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ṣe tán láti sanwó. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ọmọkùnrin kan ló bá mi kọ apá tó ń ka bákóòdù, lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ AGPL. Tirẹ̀ ni kóòdù yẹn, mi ò sì lè tà á láìjẹ́ pé ó gbà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, torí kó lè wà fún gbogbo èèyàn ni mo ṣe kọ ọ́." Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi tún apá yẹn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dá sí kóòdù yín kẹ́ ẹ tó gba ìlà kan wọlé, kẹ́ ẹ sì la ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe yé e.

Ẹ má sì dúró dìgbà tí èrò bá pọ̀ lẹ́yìn yín kẹ́ ẹ tó yí láísẹ́ǹsì yín padà. Ilé iṣẹ́ HashiCorp yí láísẹ́ǹsì Terraform, sọ́fítíwià wọn tí wọ́n fi ń to sáfà, padà ní Oṣù Kẹjọ 2023. Kó tó pé oṣù méjì, àwọn kan ti gbé kóòdù àtijọ́, wọ́n ti fi dá ẹ̀dà tiwọn, OpenTofu, sílẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó gbé kóòdù mi ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, òṣìṣẹ́ wọn kan kọ̀wé sí mi pé ẹ̀dà MIT yẹn ń ṣi ọjọ́ kà, kí n jọ̀ọ́ bá wọn wò ó. Iye owó iṣẹ́ ni mo fi dá a lóhùn. Wọ́n san án lọ́jọ́ kejì.